Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Níbo Ni Kí Ọmọ Mi Ti Bẹ̀rẹ̀ Ìtàn Storm?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wo kátúùnù X-Men '97 nílé ẹ̀gbọ́n mi nígbà ìsinmi. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe Storm, obìnrin inú rẹ̀ tó ń pàṣẹ fún ìjì àti òjò. Ó ní òun fẹ́ ka ìwé rẹ̀ gan-an, pàápàá ibi tí agbára ti kúrò lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ra kọ́míìkì kan fún un ní Yábàá. Ó kà á tán, ó ní kò yé òun: àwọn kan ń jà, òun kò mọ ohun tó fa ìjà, ibi tó sì ti fẹ́ẹ́ dùn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo wá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti 1975 ni obìnrin yìí ti wà nínú ìwé. Ṣé láti 1975 ni ọmọ yìí máa ti bẹ̀rẹ̀ ni? A ò lówó tí a máa fi ra ìwé àádọ́ta ọdún. — Ìyá Ọlọ́mọbìnrin, Agric, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi dùn pé ẹ kò sọ fún un pé kọ́míìkì kì í ṣe ìwé. Ọmọ tó bá ń béèrè ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n kàn sọ òpin rẹ̀ fún òun, òǹkàwé ni.

Kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti 1975. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Uncanny X-Men, kọ́míìkì tí ìtàn Storm wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà 185, tó jáde ní 1984, kí ó sì ka nọ́ńbà 186 tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe X-Men '97 ti mú ìtàn bí agbára ṣe kúrò lára Storm, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yí nǹkan púpọ̀ padà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ́míìkì tí bàbá rẹ̀ rà, kí ọmọ má baà rò pé òye òun ni kò tó. Oṣooṣù ni kọ́míìkì Amẹ́ríkà sábà máa ń jáde, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìtàn inú rẹ̀ kò ju ogún ojú ewé àti díẹ̀ lọ. Ìtàn kan lè gba oṣù mẹ́ta, òmíràn a gba mẹ́fà. Ẹni tó bá ra ti oṣù kẹrin nìkan, agbede méjì ọ̀rọ̀ ló já sí, bó ti wù kí ó mọ̀wé tó. Nítorí náà, ìwé àkójọ ni kí ẹ máa wá, èyí tí wọ́n kó nọ́ńbà márùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sínú èèpo kan ṣoṣo. Ẹ yí ẹ̀yìn ìwé náà wò, tàbí ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń kọ àwọn nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Tí ẹ kò bá rí 185 tàbí 186 nínú àwọn nọ́ńbà náà, ẹ dá a padà fún oníwèé, ì báà jẹ́ àwòrán Storm tó rẹwà jù lọ ló wà lára èèpo.

Ẹ tún ṣọ́ ọdún. Ilé iṣẹ́ Marvel, tó ń tẹ ìwé wọ̀nyí jáde, ní ìwé mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ X-Men lásán, tó bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1 ní 1991. Uncanny X-Men fúnra rẹ̀ ti padà sí nọ́ńbà 1 ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn 2010. Tí òǹtajà bá ní òun ní Uncanny X-Men nọ́ńbà báyìí báyìí, ẹ bi í ní ọdún tó jáde kí ẹ tó sanwó.

Ohun tó yẹ kí ọmọ náà mọ̀ kí ó tó ṣí nọ́ńbà 185 kò pọ̀. Ororo Munroe ni orúkọ Storm. N'Daré ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba láti Kẹ́ńyà. David bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, oníròyìn tó ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́. Ìlú Cairo ni wọ́n ń gbé nígbà tí ogun Suez dé. Ọkọ̀ òfuurufú já lu ilé wọn, bàbá àti ìyá kú, ọmọ sì há sábẹ́ àwókù ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tó bá há máa ń kó jìnnìjìnnì bá a, kódà lẹ́yìn tó dàgbà tó ń pàṣẹ fún mànàmáná. Ó di ọmọ olè ní ìgboro Cairo. Lẹ́yìn náà, ó fẹsẹ̀ rìn gba ìhà gúúsù títí ó fi dé Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń bẹ̀ ẹ́ fún òjò, tí wọ́n ń bọ ọ́ bí òrìṣà. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Xavier ti wá pè é pé kí ó dara pọ̀ mọ́ X-Men, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí agbára mọ́, tí wọ́n ń pè ní mutant. Kó tó di 1984, Storm ti di olórí wọn.

Nígbà náà ni nọ́ńbà 185 dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, Henry Gyrich, gbé ìbọn tí wọ́n ṣe láti gba agbára lára mutant. Rogue, ọ̀kan nínú àwọn X-Men, ni ó ń lépa, Storm ni ìbọn bà. Ìjì tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kò dá a lóhùn mọ́.

Nọ́ńbà 186 ni mo fẹ́ kí ọmọ yín jókòó tì. Orúkọ rẹ̀ ni "Lifedeath". Chris Claremont ló kọ ọ́, ẹni tó ń kọ ìtàn X-Men láti 1975 títí di 1991. Barry Windsor-Smith ló yà á. Ó gùn ju nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá lọ, ìjà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Obìnrin kan wà nínú ilé gogoro kan ní Dallas, kò lè fò mọ́, kò lè gbọ́ afẹ́fẹ́ lára mọ́, ó sì ń kọ́ bí ènìyàn ṣe ń jí ní òwúrọ̀ láìní ohun tó ti rò pé òun gan-an ni òun. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ni Forge, ọmọ ẹ̀yà Cheyenne, ẹni tí kò sí ẹ̀rọ tí kò lè ṣe. Ìfẹ́ wọ àárín wọn. Lẹ́yìn náà ni Storm gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí tẹlifóònù tó fi mọ̀ pé Forge ló ṣe ìbọn yẹn. Kò dúró. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi jáde nílé náà.

Mo ní pẹpẹ ìwé nínú pálọ̀ mi níhìn-ín ní Ebúté, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa wá kàwé ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn tí mo bá fún ní ìwé 1975 máa ń kà á díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, nítorí ìwé náà ń kó ènìyàn púpọ̀ jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ojú ewé díẹ̀ ló sì kan Storm. Àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 186 kì í gbé e sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan kà á dé ibi tí Storm ti jáde kúrò lọ́dọ̀ Forge, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò ní rí agbára rẹ̀ gbà padà mọ́ ni?" Mo fún un ní ìwé tó tẹ̀ lé e, mi ò dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ yín náà gbé lọ́wọ́ bí ó ṣe ń kà á lọ.

Ìdí tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mànàmáná dùn ún wò, gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí Storm jẹ́ fún ọmọ. Ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ hàn nígbà tí wọ́n gba mànàmáná kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá rí i níbẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n nínú gbogbo ìwé yòókù, ì báà jẹ́ ti ọdún wo.

Lẹ́yìn 186, kí ó fò lọ sí nọ́ńbà 198, tó jáde ní 1985. Claremont àti Windsor-Smith náà ni. Storm ti padà sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì pàdé ọmọbìnrin aboyún kan tó ń jẹ́ Shani. Mi ò ní sọ ìyókù. Kí ẹ̀yin ìyá rẹ̀ kà á pẹ̀lú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìbímọ, ọ̀rọ̀ ikú àti ọ̀rọ̀ àgbà abúlé wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà 201, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986. Àríyànjiyàn dé lórí ẹni tí yóò ṣe olórí X-Men, Storm tàbí Cyclops. Cyclops ni olórí àtijọ́, ojú rẹ̀ ń yọ iná tó lè wó ògiri. Storm kò ní agbára kankan lára. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wọ yàrá ìdánrawò lọ, ẹni tó bá borí ni kó máa darí. Ìyá wa, Storm ló borí, ọgbọ́n orí àti ẹsẹ̀ yíyá ló fi borí. Ilé mi máa ń kún fún ariwo nígbàkigbà tí ọmọ kan bá ka ojú ewé yẹn tán.

Agbára rẹ̀ padà ní nọ́ńbà 226, ní 1988. Nọ́ńbà náà wà láàárín ìtàn mẹ́ta tó so mọ́ra, 225 dé 227, nítorí náà kí ó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Forge wà níbẹ̀. Ẹni tó ka 186 dáadáa yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá rí i, kì í ṣe ìwé àádọ́ta ọdún. 185, 186, 198, 201, àti mẹ́ta ìgbẹ̀yìn yẹn. Tí ó bá kà wọ́n tán tó sì tún ń béèrè, nígbà náà ni kí ó padà sẹ́yìn: 169 àti 170 ti 1983, níbi tí Storm ti sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀ New York lọ bá àwọn Morlock, ìyẹn àwọn mutant tí ayé kò fẹ́ rí. Ibi tó há ni, ẹ sì rántí ohun tí ibi tó há máa ń ṣe fún un. Ibà tún ti mú un. Síbẹ̀, ó jáde bá Callisto, olórí wọn, jà pẹ̀lú ọ̀bẹ, láìlo àrá tàbí ìjì, ó sì di olórí wọn dípò rẹ̀. Ọ̀bẹ wọlé gan-an nínú ìjà yẹn o. Kí ẹ wò ó ṣáájú. Nọ́ńbà 173 ni yóò ti rí i tí Storm fá irun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ tó fi ti àárín sílẹ̀, tó wọ aṣọ awọ dúdú, tí Kitty Pryde, ọmọ kékeré inú wọn, kò sì lè fara dà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ ohun tí irun máa ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ara wọn.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, tí ó bá fẹ́, kí ó ka nọ́ńbà 102 ti 1976 fún ìtàn Cairo, kí ó sì wá fi Giant-Size X-Men nọ́ńbà 1 ti 1975 parí, níbi tí Len Wein àti Dave Cockrum ti kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tó bá fi máa dé ibẹ̀, ojú ewé díẹ̀ tó kan Storm nínú rẹ̀ yóò ti tó o.

Ohun kan lè dí i lọ́wọ́. Claremont fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ojú ewé rẹ̀ máa ń kún fún àlàyé lókè àwòrán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, àti ohun tí oníkálukú ń rò lọ́kàn, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí kò rọ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó ń rẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn kejì wà tó rọrùn: Storm ti 2014, tí Greg Pak kọ, tí Victor Ibañez bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Nọ́ńbà mọ́kànlá péré ni, wọ́n sì kó o jọ sínú ìwé méjì, Make It Rain àti Bring the Thunder. Nínú nọ́ńbà 1, Storm gba abúlé kan lọ́wọ́ omi òkun, àwọn ológun ibẹ̀ sì ní kó máa lọ. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń darí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Mẹ́síkò, Marisol, sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan sí i lójú tó dùn ún. Mo fẹ́ràn bí àgbàlagbà ṣe gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọmọdé níbẹ̀ láìbínú. Callisto wà nínú nọ́ńbà 2. Forge wà nínú nọ́ńbà 3, ní Kẹ́ńyà. Ẹni tí kò ka ti àtijọ́ yóò lóye rẹ̀, ẹni tó kà á yóò gbádùn rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó ń dùn mọ́ mi. Ní oṣù kẹwàá 2024, ọmọ Nàìjíríà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Storm: Murewa Ayodele, pẹ̀lú Lucas Werneck, ayàwòrán ará Bùràsíìlì. Ẹ ronú lé e lórí: Storm tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1975, tí wọ́n ń sọ nípa Áfíríkà rẹ̀ láti òkèèrè, ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Kí ọmọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì ní Agric lè di ẹni tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ọ̀run àti ọ̀rọ̀ àgbáyé pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dára kí ó ti mọ obìnrin náà kí ó tó rí i ní ibi gíga bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ẹ lè kà á lórí fóònù. Marvel ní áàpù tirẹ̀, Marvel Unlimited, tí ènìyàn máa ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Àwọn ìwé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tuntun a máa wọlé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá ti jáde. Ó lè ṣí àwòrán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún fóònù tí ojú rẹ̀ kéré. Ẹ fi Wi-Fi gbà á sílẹ̀ kí dátà má baà tán. Tí ẹ bá rí ìwé gidi ní ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ ṣí àárín rẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n fi pín-ìn-nì so ni ewé ti máa ń já, ewé àárín a sì sọ nù láìsí ẹni tó mọ̀. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà níhìn-ín mọ ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe fún ìwé. Ẹ kó o sínú nylon, ẹ fi páálí pẹlẹbẹ kan tì í lẹ́yìn, ẹ má sì gbé e sórí ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe ń jiyàn. Ó ní nínú kọ́míìkì, Storm ni ìyàwó Ọba T'Challa, ìyẹn Black Panther. Mo ti wo fíìmù méjèèjì, mi ò rí i níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, níbo ni mo ti lè kà á? — Ọ̀dọ́mọkùnrin, Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá rẹ jàre, àbúrò mi. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn nínú Black Panther nọ́ńbà 18, ní 2006, Reginald Hudlin ló sì kọ ọ́. Wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká ní 2012, nígbà tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Avengers, ẹgbẹ́ akọni mìíràn, àti X-Men, tí omi sì bo Wakanda, ìlú T'Challa.

Má bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Wá ìtàn kékeré tó wà lẹ́yìn Marvel Team-Up nọ́ńbà 100, ti 1980. Claremont ló kọ ọ́, John Byrne ló yà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ti pàdé ara wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ìtàn yẹn kò gùn, ó sì dùn. Eric Jerome Dickey, òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ mọ̀, tún un sọ ní gígùn nínú Storm ti 2006, nọ́ńbà mẹ́fà. Àgbàlagbà ni ìwọ, o lè kà á. Má fún ọmọdé, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ti ọmọdé lọ.

Èrò ọkàn mi ni pé ìgbéyàwó náà sáré jù. Obìnrin tó ti darí X-Men, tó ti bá Callisto jà, wá di ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba nínú ìwé ẹlòmíràn. Ka "Lifedeath" kí o tó kà á, wàá rí ohun tí mò ń sọ. Kí o sì bá mi kí ọ̀gá rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo kí yín. Ọmọ ọmọ mi ń ka ìwé kan tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé obìnrin onírun funfun kan jẹ́ òrìṣà, pé àwọn ènìyàn ń gbàdúrà sí i fún òjò. Ilé onígbàgbọ́ ni ilé wa. Nílẹ̀ wa, a mọ ẹni tó ni ìjì. Ṣé kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀? — Bàbá Àgbà, Àjárá, Àgbádárìgì.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbà á.

Ohun tó bà yín lẹ́rù kò ṣàjèjì. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, tó rí obìnrin tó ń pàṣẹ fún ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè, Ọya ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Storm kì í ṣe Ọya. Ọya ní oríkì tirẹ̀, ó ní odò tirẹ̀, ó ní àwọn tó ń bọ ọ́ láti ìran dé ìran. Storm jẹ́ ẹni inú ìtàn, wọ́n yà á ní New York fún títà, kò sì sí ẹni tó ń rúbọ sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí ìtàn náà fúnra rẹ̀ sọ. Nínú Giant-Size X-Men nọ́ńbà 1, ohun tí Xavier lọ sọ fún un ní Kẹ́ńyà ni pé kì í ṣe òrìṣà. Ènìyàn tí wọ́n bí agbára mọ́ ni. Ó gbọ́, ó fi ibi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ síbi tí kò ti sí ẹni tó ń wólẹ̀ fún un. Nígbà tó di 1984, agbára náà gan-an lọ. Ẹ lè jókòó ti ọmọ ọmọ yín kí ẹ bi í: Nígbà tí àwọn ará abúlé ń wólẹ̀ fún un, ṣé inú rẹ̀ dùn gan-an? Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ nígbà yẹn? Ẹ ó gbọ́ ìdáhùn tí yóò ya yín lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kírísítẹ́nì tó ń jókòó papọ̀ nínú pálọ̀ mi, àwọn òbí wọn sì mọ ohun tí wọ́n ń kà.

Ìwé tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ wò kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́ ni ti 2024 tí mo mẹ́nu bà lókè. Ọ̀rọ̀ àwọn agbára tó ju ènìyàn lọ pọ̀ nínú rẹ̀, Storm sì wọ àárín wọn gan-an. Ẹ̀yin ni àgbà ilé. Ẹ ó mọ ìgbà tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ olè jíjà tún wà nínú ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ẹ kò sì béèrè rẹ̀. Ẹ má fò ó. Ọmọ òrukàn tí ebi ń pa ní ìlú àjèjì ni, àwọn àgbàlagbà ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí bàbá àgbà bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni tèmi, obìnrin. Kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó le. Ṣé ẹ mọ akọni obìnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ bíi tiwa? — Ìyá Kékeré, Ìgbógbó.

ÌDÁHÙN: Iyanu ni orúkọ rẹ̀, àbúrò mi. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yà á, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì. Ilé iṣẹ́ Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021. Ọmọ òrukàn ni Iyanu, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olori ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn odi ìlú, kí ó tó mọ̀ pé agbára kan wà lára òun. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ṣe ayé inú rẹ̀: aṣọ wa, ilé wa, Tóyè àti Bíyí tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹranko tí èpè ti bà jẹ́ wà nínú rẹ̀ tó lè dẹ́rù ba ọmọ kékeré, nítorí náà kí ẹ jọ kà á lójúmọmọ, kí ẹ máa fi Yorùbá sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ mú le. Wọ́n ti fi ṣe kátúùnù ní 2025. Ó lè kọ́kọ́ wò ó kí ìwé tó dé.

Ti Iyanu kò ní wàhálà nọ́ńbà bíi ti Storm. Ìwé kìíní ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó wá ka ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹta.